Láti Orí Owó Ẹyọ Dé Orí Àmì ₦: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Kọ Iye Owó àti Bí A Ṣe Ń Kà Á

ÌFÁÀRÀ

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ pé òǹkà wà lára ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé òǹkà nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ₦45,000.00 lára ọjà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lójú fóònù mọ ohun tí ó jẹ́. Ó tilẹ̀ mọ ohun tí ó lè fi rà. Bí a bá ní kí ó kà á ní èdè abínibí rẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ yóò kọ́. Bí a bá sì sọ iye owó kan fún un ní Yorùbá, tí a ní kí ó kọ ọ́ ní fígọ̀, òmíràn á kọ ₦45,000:00k, òmíràn á kọ N45.000, òmíràn á sì kọ #45000. Àwa tí à ń yẹ ìwé ìdánwò wò pàápàá kì í fẹnu kò lórí èyí tí ó yẹ kí a fún ní máàkì.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó tọpa ìtàn bí iye owó ṣe di ohun tí à ń kọ sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, láti ayé owó ẹyọ, dé ayé pọ́n-ùn àti ṣílè, dé ayé náírà, títí dé ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá wa fi àmì àti kọ́mà sí owó. Èrò wa ni pé ìlànà kíkọ owó kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀nà tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ń gbà kà owó, àti pé aáwọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ àti ohun tí ó ń kà ní orísun nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ó bá mọ orísun rẹ̀ ni yóò lè kọ́ ọmọ dáadáa, òun náà ni yóò sì lè yẹ ìwé rẹ̀ wò láì ṣe ojúsàájú.

OKÙN, ÌKÓJỌ ÀTI ÀPÒ: AYÉ OWÓ ẸYỌ

Ìkarahun ẹ̀dá inú òkun kan ni owó ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wá. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ wá láti agbègbè Zanzibar. Bí ó ti ń pọ̀ sí i nílẹ̀ wa ni agbára rẹ̀ ń dín kù, tí ènìyàn fi ní láti ka ọ̀kẹ́ àìmọye kí ó tó ra ohun tí ó níláárí.

Alùfáà Samuel Johnson ṣe àlàyé ètò owó yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ àpò kan, èyíinì ni 20,000. Ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá náà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan, àpò owó ni a ń dárúkọ, ìbáà jẹ́ pé a kò rántí mọ́.

Ṣáájú èyí, ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tí ó ti gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí òǹkàwé owó ṣe ń ṣe nígbà tí a bá da àpò owó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Yóò jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀, yóò máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún, yóò sì kà wọ́n títí yóò fi dé ìgbà ogún. Èyí di ọgọ́rùn-ún. Yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fà yọ nínú àlàyé yìí ni ibi tí ọwọ́ ti ń sinmi: ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́. Ní fígọ̀, 20, 200, 2,000 àti 20,000 ni wọ́n. Orí àwọn òpó mẹ́rin yìí ni ilé òǹkà wa dúró lé. Igba lọ́nà márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Ẹgbàá lọ́nà mẹ́ta, tí a yọ ẹgbẹ̀rún kúrò nínú rẹ̀, ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ kan bí irinwó àti okòó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ti ṣàlàyé.

Ohun kejì tí a ní láti ṣàkíyèsí ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ìpìlẹ̀ owó ayé náà. Kò sí owó ńlá kan tí ó ní owó kékeré nínú. Okùn, ìkójọ ẹgbàá àti àpò kì í ṣe oríṣiríṣi owó. Ọ̀nà àtidì í ni wọ́n. Nítorí náà a kò nílò àmì kankan tí yóò ya owó ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Okùn àti àpò ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí kọ́mà ń ṣe lónìí.

PỌ́N-ÙN, ṢÍLÈ ÀTI KỌ́BỌ̀

Owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú nǹkan mẹ́ta wá tí a kò ní tẹ́lẹ̀: owó mẹ́ta tí ó wà nínú ara wọn, àmì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti kíkọ iye wọn sínú ìwé. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan. Ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Àmì wọn, £, s àti d, wá láti inú èdè Látìn. Bí a bá kọ £2 15s. 6d., nọ́ńbà mẹ́ta ni a kọ, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu. Ní ọjà, a máa ń gé e kúrú sí 7/6, tí í ṣe ṣílè méje àtààbọ̀.

Àwọn baba wa kò fi owó tuntun yìí rọ́pò òǹkà àtijọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ ọn ni. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ ń lọ sí nǹkan bíi ṣílè márùn-ún. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹgbàá bá sísì dọ́gba, ẹgbẹ̀rún bá tọ́rọ́ dọ́gba, pọ́n-ùn kan sì jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ní 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó kékeré kan tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní onínì. Ihò wà láàárín rẹ̀, tí a fi lè sín in sórí okùn bí ẹyọ. Nígbà tí ó di 1912, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún owó gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn.

Láti ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀nà méjì. Ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ láti kọ iye owó ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì. Ilé àti ọjà ń kọ́ ọ láti kà á ní ìlànà Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó jókòó láti so méjèèjì pọ̀.

NÁÍRÀ ÀTI ÀMÌ RẸ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, Nàìjíríà pa pọ́n-ùn tì, ó gba náírà àti kọ́bọ̀. Náírà méjì ni a fi pààrọ̀ pọ́n-ùn kan, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sì ni náírà kan. Ó yẹ kí á fiyè sí ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́ fún ìdá kan nínú méjìlá ṣílè. Lẹ́yìn 1973, ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣílè ni ó ń tọ́ka sí, nítorí pé kọ́bọ̀ mẹ́wàá tuntun ni ó gba ipò ṣílè kan. Orúkọ dúró, iye yí padà. Àwọn àgbà kò sì tètè fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀: kọ́bọ̀ márùn-ún ni sísì wọn, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ṣílè, náírà méjì sì ni pọ́n-ùn.

Ìlànà tuntun yìí mú kíkọ owó rọrùn gan-an. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a ń kọ báyìí: àmì náírà níwájú, kọ́mà lẹ́yìn fígọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, àti àmì ìdánudúró tí ó ya náírà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́bọ̀. Ìṣòro tí ó kù ni ti àmì fúnra rẹ̀. N tí a fa ìlà méjì kọjá láàárín rẹ̀ ni ₦, kò sì sí lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ táìpúráítà tí ó wà ní ọ́fíìsì wa. Akọ̀wé á tẹ N, á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, á sì tẹ àmì = lé e lórí. Ẹni tí kò ní sùúrù á kọ =N= tàbí N= lásán. Ẹ̀rọ kan náà yìí ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ, tí àwa olùkọ́ Yorùbá fi ní láti máa fi bírò kan àmì sí abẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀wé tán. Ìyà kan náà ni ó jẹ èdè wa àti owó wa lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí a kò ṣe fún wa.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àkójọ lẹ́tà ASCII tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1963 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbára lé. $ àti # wà nínú rẹ̀; ₦ kò sí. Nítorí pé # jọ ₦ lójú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dípò, ó sì wà lára pátákó ìpolówó ọjà títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àkójọ lẹ́tà àgbáyé tí a ń pè ní Unicode fún ₦ ní àyè tirẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí tí a fi ní láti kọ # mọ́ bí kò ṣe àṣà àti àìmọ̀.

BÍ Ẹ̀RỌ ṢE Ń KỌ OWÓ LÓNÌÍ

Ẹ jẹ́ kí á wo bí iye owó ṣe ń dé ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ṣe ojú-ewé náà kì í tẹ ₦45,000.00 síbẹ̀ ní tààràtà. Nọ́ńbà gbẹrẹfu ni ó wà ní ìpamọ́, 45000, láìní àmì, láìní kọ́mà. Àwòṣe kan wà tí a ti ya kalẹ̀ fún ojú-ewé náà; ibi tí iye owó yẹ kí ó wà, àyè òfìfo ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ. Àṣẹ náà ń béèrè ohun mẹ́ta: owó ilẹ̀ wo ni? Àṣà kíkọ ti èdè àti orílẹ̀-èdè wo ni? Fígọ̀ mélòó ni yóò wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró? Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti rí ìdáhùn ni yóò tó wọ 45000 láṣọ. Láti 2012 ni ìlànà kan ti wà fún iṣẹ́ yìí nínú èdè JavaScript, àwọn tí ó ń bójú tó Unicode sì ní àkójọ àṣà kíkọ tí Yorùbá ti Nàìjíríà àti Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Aṣọ tí ẹ̀rọ ń wọ nọ́ńbà yìí yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Iye kan náà, bí ó bá jẹ́ sẹ́fà, tí a kọ ọ́ ní àṣà Faransé tí àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń lò nílé-ìwé, yóò di 45 000 F CFA. Àlàfo ni ó wà ní ipò kọ́mà, orúkọ owó kẹ́yìn, kò sì sí ohun tí ó jọ kọ́bọ̀, nítorí ìlànà àgbáyé ISO 4217 kò fún sẹ́fà ní owó kékeré kankan. Ní Jámánì àti ní Brazil, 45.000,00 ni wọn yóò kọ: àmì ìdánudúró ń ṣe iṣẹ́ kọ́mà, kọ́mà ń ṣe iṣẹ́ àmì ìdánudúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ N45.000 ní ilẹ̀ wa ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún di náírà márùndínláàádọ́ta lásán.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. Ní ibẹ̀, 1,00,000 ni wọ́n ń kọ ohun tí àwa ń kọ ní 100,000. Ìdí ni pé èdè wọn ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún iye yìí, lakh, wọ́n sì fi kọ́mà sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń sinmi. Ẹ̀rọ gba àṣà yìí wọlé, ó sì ń tẹ̀ lé e. Èyí fi hàn pé kọ́mà kì í ṣe òfin ìṣirò rárá. Ibi ìsinmi ahọ́n ni. Kọ́mà tí àwa ń lò ń sinmi sórí ẹgbẹ̀rún, nítorí pé orí ẹgbẹ̀rún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń sinmi.

Ǹjẹ́ àwa náà kò lè gbé kọ́mà tiwa sí ibi tí ọ̀kẹ́ wà? Ìdáhùn ni pé kò ṣeé ṣe. Lakh bá ìlà fígọ̀ mu nítorí pé oókan tí òdo márùn-ún tẹ̀ lé ni. Ọ̀kẹ́ jẹ́ méjì tí òdo mẹ́rin tẹ̀ lé. Kò sí ibi tí a lè fi kọ́mà sí láàárín fígọ̀ tí yóò fi ọ̀kẹ́ mẹ́ta hàn nínú 60,000. Fígọ̀ ń kà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá, òǹkà wa ń kà á ní ogún ogún. Nítorí náà, kíkọ àti kíkà owó ní èdè wa jẹ́ iṣẹ́ ìtumọ̀. Bí a kò bá kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ yìí, yóò tẹ̀ lé kọ́mà. Èyí, lójú tiwa, wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wí pé “ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta” dípò “ọ̀kẹ́ méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta.” Síbẹ̀, àwọn oníròyìn wa ṣì ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Àádọ́ta àpò owó ẹyọ ni wọ́n ń kà lórí rédíò!

Ohun kan kù tí ó yẹ kí á sọ nípa ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kò lè tọ́jú ìdá kan nínú mẹ́wàá pé pérépéré ní ọ̀nà tí ó ń gbà tọ́jú nọ́ńbà tí ó ní ìdá. Nítorí náà àwọn tí ó mọṣẹ́ máa ń fi owó pamọ́ ní kọ́bọ̀: ₦45,000 á di 4500000 kọ́bọ̀, ẹ̀rọ á sì pín in sí náírà nígbà tí ó bá ń fi í hàn. Owó kékeré jù lọ ni ìpìlẹ̀, ìdì rẹ̀ ni a ń fi han ènìyàn. Ẹni tí ó bá rántí ẹyọ, okùn àti ọ̀kẹ́ yóò mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa.

OHUN TÍ Ó KAN OLÙKỌ́ ÀTI OLÙYẸ̀WÉ-WÒ

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, a fẹ́ dábàá ohun mẹ́rin.

Ìkíní, kí àmì owó jẹ́ ẹyọ kan. Bí ₦ bá ti wà níwájú, a kò gbọdọ̀ tún fi k sẹ́yìn. ₦45,000:00k jẹ́ àmì méjì fún owó kan, àmì tí ó wà láàárín rẹ̀ kò sì tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀ nìkan ni a fẹ́ kọ, 50k tó.

Ìkejì, fígọ̀ méjì tàbí òfo ni kí ó wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró. ₦2.5 lè da ọmọ rú: kọ́bọ̀ márùn-ún ni àbí àádọ́ta? Kí a kọ ₦2.50, kí a sì kà á ní náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀, tàbí náírà méjì àtààbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kọ́bọ̀ ti kú. Láti oṣù kejì 2020 tí owó-orí ọjà ti di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó-orí orí náírà mẹ́wàá jẹ́ kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin. A kò rí i ná lọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé ìṣirò báńkì.

Ìkẹta, kí a kọ́ ọmọ ní ipò tí orúkọ owó ń wà. Níwájú ni ₦ ń wà nígbà gbogbo tí a bá ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. ₦15 ni náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. ₦20 ni ogún náírà. ₦21 ni náírà mọ́kànlélógún. ₦200 ni igba náírà. Ẹni tí ó bá wí pé “náírà ogún” ti tẹ̀ lé àmì, kò tẹ̀ lé gírámà.

Ìkẹrin ni ti máàkì. Ẹ jẹ́ kí á wo owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí. ₦125 ni ní 1981: náírà márùndínláàádóje. Ní 2011 ó di ₦18,000: ẹgbàásàn-án náírà. Ní 2019 ó di ₦30,000: ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Òfin 2024 sọ ọ́ di ₦70,000. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè pè é ní ẹgbàá márùndínlógójì. Òmíràn lè pè é ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹ̀kẹta lè pè é ní àádọ́rin ẹgbẹ̀rún. Èwo ni a ó fún ní máàkì? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹgbẹ̀rún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò; láti inú igba ni a ti yọ ọ́, ó sì ti pẹ́ ní èdè wa. Bí olùdánwò bá fẹ́ ọ̀nà ẹgbàá tàbí ọ̀nà ọ̀kẹ́ ní pàtó, kí ó sọ ọ́ nínú ìbéèrè rẹ̀. Kò tọ́ kí ó fi ohun tí kò béèrè fi ọmọ gba òdo. Èyí tí a kò gbọdọ̀ gbà ni kí ọmọ ka fígọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, “méje, òdo, òdo,” tàbí kí ó wí pé “sẹ́fúntì táúsàn.” Ìyẹn kì í ṣe òǹkà Yorùbá.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àǹfààní wàhálà yìí, nígbà tí ẹ̀rọ ti ń kọ owó fún wa láìṣàṣìṣe? Òfin nípa ìwé owó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1882, tí Nàìjíríà jogún irú rẹ̀, sọ pé bí iye tí a kọ ní ọ̀rọ̀ bá tako iye tí a kọ ní fígọ̀, ọ̀rọ̀ ni a ó tẹ̀ lé. Nínú sọ̀wédowó, ọ̀rọ̀ ni àgbà, fígọ̀ ni àbúrò. Èdè tí kò bá lè sọ iye owó ní ọ̀rọ̀ kò lè jẹ́rìí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwọn owó tí ìjọba wa ń tẹ̀ gan-an kò gbàgbé èyí: ọ̀rọ̀ òǹkà Yorùbá wà lójú àwọn kan nínú wọn, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò. Ọmọ tí ó bá fi owó náà ra búrẹ́dì láàárọ̀ mú ẹ̀kọ́ òǹkà lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé. Ó kù sí ọwọ́ àwa olùkọ́ láti ní kí ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, kí ó ka ohun tí a kọ sí i, kí ó sì so ó pọ̀ mọ́ fígọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gba ìwé tuntun, kò gba ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.